Ọkọ̀ onígbòkun nínú ọgbà òkun Exuma: ìdákọ̀ró, bọ́ọ̀lù ìsokọ̀ àti afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn

Ọmọ Ọ̀sà, Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ onígbòkun kan ní Bàhámà. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 12, ìdí rẹ̀ sì rì wọ omi ní mítà 1.8. Ìdákọ̀ró rẹ̀ wúwo tó kílò 25, ẹ̀wọ̀n irin mílímítà 10 ló wà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 60. Nassau la ti máa gbéra, a máa wá gba inú ọgbà òkun Exuma Cays Land and Sea Park kọjá láti erékùṣù kan sí èkejì fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwa mẹ́rin la máa wà nínú ọkọ̀.

Ohun tí mo mọ̀ kò ju ti ọ̀sà wa níbí lọ: ìgbòkun tí a fi àpò rán, ọ̀pá tí a fi ń wọn omi, àti bí a ṣe ń yẹra fún akaja àwọn apẹja (ẹ̀ka igi tí wọ́n gún sínú omi kí ẹja lè kó jọ síbẹ̀) láàrin Àjàṣẹ́ sí Aguégués. Òkun tó ní àpáta iyùn kò sí lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń mọ ibi tí omi jìn dé nígbà tí ọ̀pá kò sí, tó jẹ́ pé ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ìwọnmi ń sọ, tí kò sọ ohun tó wà níwájú? Ìdákọ̀ró ni ká máa jù ni, àbí ká so mọ́ àwọn bọ́ọ̀lù tó léfòó, tí wọ́n ti dè mọ́ ilẹ̀ òkun níbẹ̀? Kí ni òfin ọgbà náà gan-an? Ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún mi o, torí èmi ni wọ́n máa fi síwájú ọkọ̀ láti máa wo omi àti láti máa ju ìdákọ̀ró.

Atukọ̀ Àgbà, Àjàṣẹ́

Àbúrò, o kú ìmúra. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹni tó dúró síwájú ni ojú ọkọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, kí ìyókù lè yé ọ.

Exuma jẹ́ ọ̀wọ́ erékùṣù kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn láti àríwá ìwọ̀ oòrùn lọ sí gúúsù ìlà oòrùn. Lápá ìwọ̀ oòrùn wọn ni omi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní Bank wà. Ibẹ̀ kì í sábà ju mítà 3 sí 6 lọ, àwọn ibòmíràn kò sì tó mítà 1. Lápá ìlà oòrùn ni Exuma Sound wà. Níbẹ̀ ilẹ̀ òkun já lọ lójijì, omi sì jìn ju mítà 1,000 lọ. Ọgbà náà gùn tó máìlì 22, ó fẹ̀ tó máìlì 8, láti Wax Cay Cut lápá àríwá dé Conch Cut lápá gúúsù. Ọdún 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Bahamas National Trust ló sì ń bójú tó o. Ọ́fíìsì wọn wà ní erékùṣù Warderick Wells, nǹkan bí àárín ọgbà.

Ó di ọ̀rọ̀ omi. Níbẹ̀, oòrùn ni ọ̀pá rẹ. Má jẹ́ kí ọ̀gá ọkọ̀ gba ibi tó ní iyùn kọjá kí aago 10 àárọ̀ tó lù, má sì jẹ́ kó ṣe é lẹ́yìn aago 3 ọ̀sán, torí oòrùn tètè ń rọ̀ lóṣù kìíní. Tí oòrùn bá ṣì wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kàn máa ta padà lójú omi ni, kò ní wọ inú rẹ̀, o kò sì ní rí ju dídán lọ. Tó bá wà lókè orí tàbí lẹ́yìn rẹ, isàlẹ̀ omi á hàn kedere. Wọ jígí dúdú polarisé. Òun ló ń gé dídán ojú omi kúrò, jígí dúdú lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Má jókòó. Dúró níbi tó ga jù tí ẹsẹ̀ rẹ lè dúró dáadáa, kí o di wáyà iwájú mú.

Ibi tó bá funfun, iyanrìn ti sún mọ́ ojú omi níbẹ̀, ó lè má tó mítà 1. Tiyín tó rì ní 1.8 kò ní ohunkóhun í ṣe níbẹ̀. Ibi tó ní àwọ̀ ewé tó fúyẹ́ lè jẹ́ mítà 2 sí 3, ẹ máa rọra lọ. Bó ṣe ń di búlúù ló ń jìn sí i, búlúù tó ṣú pátápátá ni Exuma Sound. Ibi tó bá ní àwọ̀ búráùn, iyùn tàbí àpáta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta: yí ọkọ̀ kúrò kí o tó béèrè ìbéèrè kankan.

Ohun tó ń dààmú àwọn tó jẹ́ tuntun ni àbàwọ́n dúdú. Nǹkan mẹ́ta ló lè fà á: òjìji ìkùukùu, koríko òkun, àti orí iyùn, ìyẹn òkìtì iyùn tó dá dúró. Òjìji máa ń rìn. Tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, wàá rí i pé kò dúró lójú kan. Koríko máa ń tẹ́ lọ gbansasa, etí rẹ̀ kò sì já geere. Orí iyùn ní tiẹ̀ máa ń rí róbótó, iyanrìn funfun á sì yí i ká yípo. Iyanrìn yẹn kò ṣàdédé wà níbẹ̀. Àwọn ẹja tó fi iyùn ṣe ilé ló ń jẹ koríko tó yí i ká tán, wọn kì í sì jìnnà sílé torí àwọn ẹja ńlá tó ń dọdẹ wọn. Nítorí náà, bí o bá ti rí dúdú róbótó tí funfun yí ká, nawọ́ sí i kí ọkọ̀ yà fún un.

Yellow Bank, tó wà láàrin Nassau àti Exuma, ni o ti máa kọ́kọ́ lo ẹ̀kọ́ yìí. Orí iyùn fọ́n káàkiri ibẹ̀, àwọn kan sì ga tó ohun tí ìdí ọkọ̀ yín lè kàn. Gúúsù ìlà oòrùn lẹ máa dojú kọ, ìyẹn ni pé oòrùn àárọ̀ á wà níwájú yín. Ẹ má gbéra lóru. Bí ẹ bá kúrò ní Nassau ní aago 7, ẹ máa dé orí Yellow Bank nígbà tí oòrùn ti gòkè. Láti Nassau dé Shroud Cay tó nǹkan bíi máìlì òkun 40. Bí ọkọ̀ bá ń lọ ní nọ́ọ̀tì 6, ìyẹn máìlì òkun 6 ní wákàtí kan, bíi wákàtí 7 ni. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìgbòkun lọ́jọ́ yẹn, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sábà máa ń wá láti ìlà oòrùn tàbí gúúsù ìlà oòrùn, ojú yín gan-an ló sì máa fẹ́ sí. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ ni ìgbòkun máa ṣiṣẹ́.

Ìdákọ̀ró, Kétu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìdákọ̀ró yẹ̀ wò fún un, torí wàràwàrà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é.

Àbúrò, kọ́kọ́ bi ọ̀gá ọkọ̀ bóyá láti ojú omi ni ẹ̀rọ ìwọnmi wọn ti ń kà ni, àbí láti ìdí ọkọ̀. Ìyàtọ̀ mítà 1.8 wà láàrin méjèèjì, ìyẹn sì tó láti gbé ọkọ̀ jókòó sórí iyanrìn. Lẹ́yìn náà, ìṣirò ẹ̀wọ̀n. Ká ní omi jẹ́ mítà 3 nígbà tó fà tán. Fi ìkún omi kún un; ní Exuma ó tó sẹ̀ǹtímítà 90. Fi gíga iwájú ọkọ̀ sí ojú omi náà kún un, ká ní mítà 1.2. Ó di mítà 5.1. Bí ojú ọjọ́ bá dára, ìlọ́po márùn-ún ni ẹ̀wọ̀n tí o máa tú sílẹ̀, ìyẹn mítà 25 àti àbọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá máa ju nọ́ọ̀tì 25 lọ lóru, ìlọ́po méje, mítà 36. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni gíga iwájú ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé nínú omi mítà 3, mítà 1.2 yẹn tó ìdá méjì nínú márùn-ún omi náà. Bí ẹ̀wọ̀n bá kúrú, ńṣe ló ń fa ìdákọ̀ró sókè dípò kó fà á nílẹ̀, ìdákọ̀ró á sì tú. Kun ẹ̀wọ̀n náà ní ọ̀dà ní mítà 10, 20, 30, 40, kí o má baà máa fojú díwọ̀n.

Inú iyanrìn nìkan ni kí o jù ú sí. Orí koríko, irin náà á kàn máa yọ̀ lórí gbòǹgbò ni, á sì hú u, bẹ́ẹ̀ orí koríko yẹn ni ìjàpá òkun ti ń jẹun, ibẹ̀ ni ìgbín òkun sì ti ń dàgbà. Orí iyùn, má tilẹ̀ dá a lábàá. Ẹ̀tàn kan tún wà ní Exuma: níbòmíràn, iyanrìn náà kò nípọn, àpáta wà lábẹ́ rẹ̀. Ó funfun, ó wuni, ṣùgbọ́n ìdákọ̀ró ò ráyè wọlé. Gbé ọwọ́ lé ẹ̀wọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́yìn. Bí ìdákọ̀ró bá ń họ àpáta, ẹ̀wọ̀n á máa gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Bó bá ti wọlé, á le gbagidi, á sì dákẹ́.

Bí o ṣe máa ṣe é rèé. Kí ọkọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́, kó dúró pátápátá. Sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ títí á fi kan ilẹ̀. Má da ẹ̀wọ̀n jọ lé e lórí. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbé ọkọ̀ sẹ́yìn, ìwọ náà máa tú ẹ̀wọ̀n díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti tó mítà 15, dá a dúró kó fà díẹ̀ kí irin lè yíjú sísàlẹ̀, kí o wá tú ìyókù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹni tó di ìdarí mú fi ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn jẹ́jẹ́, kó gbé e dé nǹkan bí ìyípo 1,500 láàrin ìṣẹ́jú kan, kó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Mú nǹkan méjì ní èbúté tó wà lórí ìlà kan náà, bí igi kan àti àpáta kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ń yà kúrò lára wọn, ọkọ̀ ń wọ́. Fa ìdákọ̀ró sókè, kí o tún un jù. Lẹ́yìn náà, wọ gíláàsì ìlúwẹ̀ẹ́, kí o lúwẹ̀ẹ́ lọ wò ó. Ní omi tó mọ́ báyìí, kò sí ìdí láti méfò.

Kò tíì parí. Mú okùn náílọ́ọ̀nù mílímítà 16, mítà 8 sí 10, so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n, kí o fi orí kejì so mọ́ irin ìsokùn iwájú, kí o wá tú ẹ̀wọ̀n díẹ̀ sí i kí okùn náà ló máa ru ẹrù ọkọ̀. Náílọ́ọ̀nù máa ń nà, ẹ̀wọ̀n kì í nà. Láìsí okùn yẹn, ìgbì kọ̀ọ̀kan á máa já ẹ̀wọ̀n mọ́ ẹ̀rọ tó ń fà á, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà wà fún fífa ẹ̀wọ̀n sókè, kò wà fún dídi ọkọ̀ mú mọ́jú.

Kí o sì ranti pé ọkọ̀ á máa yí. Ẹ̀wọ̀n mítà 25 pẹ̀lú ọkọ̀ mítà 12, ìyẹn mítà 37 yí ìdákọ̀ró ká. Láàrin gbogbo ibẹ̀, iyanrìn nìkan ló gbọ́dọ̀ wà. Bí orí iyùn kan bá wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n á gbá a lọ nígbà tí omi bá yí padà lóru.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ṣábẹ̀ẹ́

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Ìdákọ̀ró sọ, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà yẹn, níbi tí bọ́ọ̀lù ìsokọ̀ bá wà, mi ò fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni ju ìdákọ̀ró. Ojú ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń jù ú lẹ́ẹ̀kan fi ń wò ó. Ojú ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ òkun tí ọkọ̀ ń dé sí lójoojúmọ́ láti ọdún dé ọdún. Bọ́ọ̀lù wà ní Shroud Cay, Hawksbill Cay, Warderick Wells àti Cambridge Cay. Ní Warderick Wells, ibi mẹ́ta ni wọ́n wà: àríwá nítòsí ọ́fíìsì, Emerald Rock, àti Hog Cay lápá gúúsù.

Pe ọ́fíìsì lórí rédíò VHF, ìkànnì 9. Exuma Park ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lórí rédíò. Sọ gígùn ọkọ̀ àti bí ìdí rẹ̀ ṣe rì tó, torí kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀lù ló lè di gbogbo ọkọ̀ mú. Owó wà lórí rẹ̀, owó náà sì ń yí padà. Ẹ wò ó lójú òpó Bahamas National Trust kí ẹ tó gbéra.

Bí o bá fẹ́ sún mọ́ bọ́ọ̀lù, wo ibi tí àwọn ọkọ̀ tó ti wà níbẹ̀ kọjú sí, kí tiyín náà kọjú síbẹ̀. Nígbà míì omi tó ń ṣàn lágbára ju afẹ́fẹ́ lọ, òun ló sì ń darí wọn. Fi ọwọ́ júwe bọ́ọ̀lù fún ẹni tó di ìdarí mú láìdáwọ́ dúró, torí tó bá kù bíi mítà 5, iwájú ọkọ̀ ti bò ó mọ́ ọn lójú. Fi ọ̀pá oníkọ́ fa okùn bọ́ọ̀lù sókè. Okùn náà ní ojú lórí. Má fi ojú yẹn há irin ìsokùn ọkọ̀ ní tààrà. Okùn tìrẹ ni kí o kì bọ inú rẹ̀, kí o dá a padà sórí irin ìsokùn ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí o ṣe okùn kejì bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kí èèyàn mú okùn kan ṣoṣo láti apá òsì, kó gba inú ojú kọjá, kó so ó mọ́ apá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá ti ń yí, okùn á máa lọ á máa bọ̀ nínú ojú yẹn, á máa ra ara rẹ̀, ó sì lè já kílẹ̀ tó mọ́. Wọ rọ́bà sára okùn níbi tó ti gba etí ọkọ̀. Lúwẹ̀ẹ́ lọ wo irin tó dì í mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Bí okùn ìsàlẹ̀ bá ti ń tú tàbí ṣákù rẹ̀ (irin tó so ó mọ́ ti ilẹ̀) bá ti jẹ tán, kúrò níbẹ̀ kí o sì sọ fún ọ́fíìsì. Bọ́ọ̀lù kan, ọkọ̀ kan. Má ju ìdákọ̀ró kún un, torí ẹ̀wọ̀n rẹ á lọ́ mọ́ okùn wọn.

Àríwá Warderick Wells ló ń béèrè àkíyèsí jù. Ọ̀nà omi tóóró kan ló tẹ̀ kọrọdọ níbẹ̀, búlúù ni, iyanrìn funfun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá yà kúrò nínú búlúù, ó jókòó nìyẹn.

Ó kan òfin. Láti 1986 ni wọ́n ti fòfin de ẹja pípa nínú ọgbà náà pátápátá. Kò sí ìwọ̀, kò sí ọ̀kọ̀, kò sí àwọ̀n, kò sí okùn ìwọ̀ tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn. Ẹ ká a kúrò nínú omi kí ẹ tó wọ ààlà. Ẹni tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ lè wò ó pé ẹja kan ṣoṣo kò lè pa òkun lára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìgbín òkun ńlá tí wọ́n ń jẹ ní Bàhámà kì í bímọ bí wọ́n bá fọ́nká. Wọ́n gbọ́dọ̀ pọ̀ lójú kan kí akọ àti abo tó lè pàdé, torí wọn kì í rìn jìnnà. Nígbà tí wọ́n bá yé ẹyin, omi á gbé àwọn ọmọ náà lọ sí ibi tí àwọn apẹja ti ń pa ẹja níta ọgbà. Oúnjẹ àwọn tó ń gbé ní erékùṣù tó kù ni ọgbà yẹn ń ṣọ́. Karawun òfìfo pàápàá, ẹ má mú un: akàn kan ń wá ilé. Iyanrìn, igi gbígbẹ, iyùn tó ti kú, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má da ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ sínú omi níbẹ̀, ẹ sì kó gbogbo pàǹtí yín padà, torí kò sí ibi ìdàlẹ̀sí. Àwọn erékùṣù kan nínú ọgbà jẹ́ ti aládàáni, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Lálẹ́ ní Warderick Wells, ẹ lè rí ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní hutia, tó jọ òkété wa. Wọ́n ti rò pé ó ti run tán kí wọ́n tó tún un rí ní erékùṣù kan ní gúúsù Bàhámà ní 1966, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó díẹ̀ wá sínú ọgbà. Ẹ má fún un lóúnjẹ.

Ọmọ Ọ̀sà, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an, màmá. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí bébà. Ó ku méjì: afẹ́fẹ́ wo ni ká bẹ̀rù, àti kí ni ká kó dání ní ti omi àti oúnjẹ? Ọ̀gá ọkọ̀ tún ń sọ pé a lè gba àárín erékùṣù méjì bọ́ sí Exuma Sound. Ṣé kò léwu?

Atukọ̀ Àgbà, Àjàṣẹ́

Afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn ni. Tẹ́tí sí mi dáadáa níbí, torí òun ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ ní Exuma ní àsìkò tí ẹ ń lọ.

Gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń sinmi níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù, nítorí pé afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ti ìlà oòrùn wá, erékùṣù á sì dí i. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ti Amẹ́ríkà sọ̀ kalẹ̀ wá. Kì í ṣàdédé dé. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ kúrò ní ìlà oòrùn bọ́ sí gúúsù ìlà oòrùn, á bọ́ sí gúúsù, á rọ̀, ooru á mú, baromẹ́tà, ẹ̀rọ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó, á sì máa wálẹ̀. Àsìkò yẹn ni àwọn tí kò mọ̀ máa ń sọ pé ojú ọjọ́ dára. Lẹ́yìn náà á yí sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ìwọ̀ oòrùn, àríwá ìwọ̀ oòrùn, nígbà míì pẹ̀lú ẹ̀fúùfù òjijì tó lè tó nọ́ọ̀tì 35, kó tó parí sí àríwá àti àríwá ìlà oòrùn. Ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní ìwọ̀ oòrùn, orí Bank ló ń gbà bọ̀, kò sí ohun tó dí i, ìgbì á sì dìde. Iwájú ọkọ̀ yín á kọjú síta, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọjú sí àpáta erékùṣù. Bí ìdákọ̀ró bá tú, kò sí àyè láti tún nǹkan ṣe.

Nítorí náà, Shroud Cay, Hawksbill àti Emerald Rock kò dára lọ́jọ́ yẹn. Bọ́ọ̀lù àríwá Warderick Wells ni kí ẹ wá, tàbí Cambridge Cay. Ilẹ̀ àti iyanrìn ló dáàbò bò wọ́n. Gbogbo ọkọ̀ tó kù náà mọ bẹ́ẹ̀, wọn á sì kún. Ẹ máa wo ojú ọjọ́ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún síwájú, kí ẹ pe ọ́fíìsì nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà ní ìlà oòrùn. Bí ẹ bá dúró kó dé gúúsù kí ẹ tó pè, ó ti pẹ́. Ẹ má ṣí lọ lóru.

Ní ti àárín erékùṣù méjì, ó ṣeé gbà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìgbà. Nígbà tí omi bá ń kún, láti Sound ló ń wọ Bank. Nígbà tó bá ń fà, láti Bank ló ń jáde sí Sound, ó sì lè yára ju nọ́ọ̀tì 3 lọ. Omi tó ń jáde yẹn àti afẹ́fẹ́ ìlà oòrùn á wá kọjú ìjà síra wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìgbì á dìde ṣánṣán, á máa wó lulẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tilẹ̀ ju nọ́ọ̀tì 15 lọ, ìgbì yẹn lè gbé ọkọ̀ yín jù. Ẹ kọjá nígbà tí omi bá dúró, tàbí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kún. Ìwé ìkún omi Nassau kò bá ẹnu ọ̀nà wọ̀nyẹn mu dọ́gba. Omi ibẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dúró. Ẹ lọ wò ó pẹ̀lú ojú kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí funfun tó ń hó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ padà.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ṣábẹ̀ẹ́

Omi mímu kò sí nínú ọgbà, epo kò sí, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kò sí. Ẹ ka lítà 10 fún ẹnì kan lóòjọ́, bí ẹ bá ń fi omi òkun fọ abọ́ kí ẹ tó fi omi dídùn ṣàn án. Ẹni mẹ́rin fún ọjọ́ méje, lítà 280. Ẹ mú un dé 370, torí afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn tí Bàbá sọ yẹn lè dá yín dúró lójú kan fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fi lára rẹ̀ sínú bídọ́ọ̀nù lítà 20 lọ́tọ̀, kí ó má jẹ́ inú táǹkì ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí táǹkì bá jò, ẹ ò ní tètè mọ̀.

Gàrí wúlò nínú ọkọ̀ torí kò nílò gáàsì, ṣùgbọ́n inú ìgò oníke tó gbẹ, tó sì ní ìdérí tó mọ́ra, ni kó wà. Nínú àpò, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ á mú un rọ̀, á sì bu. Ẹ má gbé páálí kankan wọ ọkọ̀, inú rẹ̀ ni ẹyin aáyán ń bá wọlé. Bí ẹ bá jáde kúrò nínú ọgbà tí ẹ ń wá ẹja, ẹ ṣọ́ra fún àwọn ẹja ńlá orí iyùn, pàápàá barakúdà. Májèlé kan máa ń kó jọ sára wọn láti inú ohun tí wọ́n jẹ. Sísè kò pa á, yínyan kò pa á, inú yìnyín kò pa á, kò sì ní òórùn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ rọ́bà wọ odò kéékèèké inú igbó mangrófù Shroud Cay, ẹ wọ ibẹ̀ nígbà tí omi ń kún. Ẹni tó bá wọlé nígbà tó ń fà lè jókòó sórí ẹrẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà nínú oòrùn. Ẹ wo àmì lẹ́nu odò kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kò gba ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀ lẹ máa lò. Ìyẹn kò ní ni ọmọ Àjàṣẹ́ lára.

Ìdákọ̀ró, Kétu

Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ ra ìwé àwòrán òkun Explorer, kí ó má jẹ́ orí fóònù nìkan lẹ máa gbójú lé, kí ẹ sì wo igun rẹ̀ bóyá mítà ni wọ́n fi kọ jíjìn omi tàbí ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tó ka ẹsẹ̀ bàtà 6 sí mítà 6 ti fi ọkọ̀ mítà 1.8 sórí ilẹ̀.

Èkejì ni àmì ẹnu èbúté. Ní Kútọnu, bí ọkọ̀ bá ń wọlé láti òkun, pupa wà lọ́wọ́ òsì, àwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo Áfíríkà. Ní Bàhámà, òdìkejì ni, bíi ti gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà: pupa lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Nínú ọgbà, irú àmì bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ojú rẹ lo máa lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń padà wọ Nassau, tó sì ti rẹ̀ yín, ni ọwọ́ tó ti mọ́ra á fẹ́ fi pupa sí òsì. Kọ ọ́ sórí bébà, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdarí.